Ta Ni Ó Padà Wá? Ìgbàgbọ́ nínú Àtúnwá Láàrin Àwọn Ẹ̀sìn àti Àwọn Amòye

Ìfáàrà

Ìgbàgbọ́ pé ẹni tó ti kú lè tún wá sáyé nínú ara mìíràn, èyí tí Yorùbá ń pè ní àtúnwá, kò mọ sí ilẹ̀ kan tàbí ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Ó ti wà ní Íńdíà láti ayébáyé, ó wà láàrin àwọn amòye Gíríìkì àtijọ́, ó wà ní Tíbẹ́ẹ̀tì àti lórí àwọn òkè Lẹ́bánónì, ó sì wà nínú agboolé Yorùbá, níbi tí ọmọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà ti ń jẹ́ Babátúndé, tí ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà sì ń jẹ́ Yétúndé tàbí Ìyábọ̀. Nítorí pé ìgbàgbọ́ náà tàn kálẹ̀ tó báyìí, àwọn kan a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ohun tí olùfọkànsìn ará Íńdíà ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ọ̀nà àtibọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni arúgbó Yorùbá ń fi ayọ̀ retí.

Ó yẹ kí àlàyé díẹ̀ ṣáájú. Àtúnwá ni pé kí ohun kan lára ẹni tó ti kú tún wọ ayé nípasẹ̀ ìbí, kí ó ti inú oyún bẹ̀rẹ̀, kí ó sì dàgbà bí ọmọ tuntun. Èyí yàtọ̀ sí àjíǹde, ìgbàgbọ́ àwọn Júù, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí pé òkú yóò dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ ìkẹyìn láti wá jíhìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó sì yàtọ̀ sí àkúdàáyà, ẹni tí wọ́n gbà pé ó kú ní ìlú kan, tí wọ́n sì tún bá a ní ìlú mìíràn tí ó ń ṣòwò, tí ó láya, tí ó bímọ, pẹ̀lú ojú àti ara tí ó fi lọ; àkúdàáyà kò gba inú ìyá kankan kọjá kí ó tó padà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò gbé ka iwájú ìgbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan. Èkíní, kí ni ohun náà gan-an tó ń padà wá? Èkejì, kí ni ó ń pinnu ilé tí yóò padà sí? Ẹ̀kẹta, ṣé ẹ̀bùn ni ìpadàwá náà ni, àbí ìyà? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fi hàn ohun tí ìgbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ alààyè, ibẹ̀ sì ni ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n fi wọn gbogbo wọn wà.

Íńdíà: Ìwà ní ń yan ilé ìbí

Nínú àwọn orin ìsìn tó pẹ́ jù lọ ní Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní Rig Veda, àtúnwá kò fara hàn gbangba. Inú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ tó dé lẹ́yìn wọn, àwọn Upanishad, ni ó ti jáde, bí ọ̀rọ̀ àṣírí ni ó sì ṣe kọ́kọ́ jáde. Brihadaranyaka Upanishad, tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti wà ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje tàbí ìkẹfà ṣáájú ìbí Kírísítì, ròyìn àríyànjiyàn ńlá kan tó wáyé láàfin ọba Janaka, níbi tí ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Artabhaga ti bi amòye Yajnavalkya léèrè pé, nígbà tí ènìyàn bá kú, tí ohùn rẹ̀ wọ inú iná lọ, tí èémí rẹ̀ wọ inú afẹ́fẹ́, tí ara rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, níbo ni ẹni náà fúnra rẹ̀ wá wà? Yajnavalkya kò dá a lóhùn lójú agbo. Ó ní kí ó fún òun lọ́wọ́, ó sì fà á sẹ́yìn, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ láàrin ọjà. Ìwà ni ìwé náà sọ pé àwọn méjèèjì jíròrò lé lórí níkọ̀kọ̀, pé iṣẹ́ rere ní ń sọ ènìyàn di ẹni rere, tí iṣẹ́ ibi sì ń sọ ọ́ di ẹni ibi.

Láti ibi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ karma ti gbilẹ̀. Karma ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn pẹ̀lú èso tí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ so, bó pẹ́ bó yá. Bí kò bá so nínú ayé yìí, yóò so nínú ayé tó ń bọ̀. Samsara ni wọ́n ń pe ìyípo ìbí, ikú àti àtúnbí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, moksha sì ni ìtúsílẹ̀ kúrò nínú ìyípo náà. Ohun tó ń lọ láti ara kan dé òmíràn ni atman, ojúlówó ènìyàn tí kò lè kú. Ìdáhùn Íńdíà sí ìbéèrè mẹ́ta náà ṣe kedere nígbà náà: atman ní ń padà, ìwà ní ń yan ilé ìbí fún un, ìpadàwá náà sì jẹ́ ìdè tí ọlọ́gbọ́n ń wá bí òun yóò ṣe já.

Àwọn ẹlẹ́sìn Jáìnì, àwọn ọmọlẹ́yìn Mahavira, ló mú ẹ̀kọ́ yìí le jù. Lójú tiwọn, karma jẹ́ ohun gidi kan tó kéré ju èyí tí ojú lè rí lọ, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọkàn, tó sì ń mú un wúwo. Ìdí nìyẹn tí àwọn mọ́ńkì wọn fi máa ń fi ìgbálẹ̀ rírọ̀ gbá ojú ilẹ̀ kí wọ́n tó jókòó, tí àwọn kan nínú wọn sì ń fi aṣọ bo ẹnu, kí wọ́n má baà pa kòkòrò, nítorí kòkòrò náà ní ọkàn, ìrìn-àjò kan náà sì ni ọkàn rẹ̀ ń rìn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó dáàbò bo kòkòrò yìí náà ni wọ́n fi tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Chandogya Upanishad sọ pé ẹni tí ìwà rẹ̀ dára yóò wọ inú ìyá tó wà ní ipò ọlá, ẹni tí ìwà rẹ̀ burú yóò sì wọ inú ajá, tàbí ẹlẹ́dẹ̀, tàbí ìyá tó jẹ́ ti ìran tí wọ́n ta nù láwùjọ. Bí ó ṣe di pé ẹni tí wọ́n bí sínú ìran tí wọn kì í fọwọ́ kàn ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò rántí pé òun dá nìyẹn, tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà sì lè fọkàn balẹ̀ pé ọwọ́ òun mọ́. B. R. Ambedkar, amòfin tó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ìpilẹ̀ Íńdíà, tí òun fúnra rẹ̀ wá láti irú ìran bẹ́ẹ̀, kò gba ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1956, ní ìlú Nagpur, òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tí iye wọn tó ọgọ́rùn-ún lọ́nà ẹgbẹ̀rún mélòó kan fi ẹ̀sìn Híńdù sílẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀sìn Búdà.

Ẹ̀sìn Búdà: Ìpadàwá láìsí ẹni tó padà

Ẹ̀sìn tí Ambedkar gbà yìí kò sọ pé àtúnwá kò sí, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ lọ́nà tó ń ya ènìyàn lẹ́nu. Búdà kọ́ni pé kò sí atman kankan. Pé ara, ìmọ̀lára, èrò àti ìfẹ́ inú ènìyàn ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, kò sì sí ẹnì kan tó jókòó sí abẹ́ wọn tí kì í yí padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó ń tún ayé wá? Ìwé Milindapanha, tó jẹ́ ìjíròrò láàrin mọ́ńkì Nagasena àti ọba Milinda, ìyẹn Menander ará Gíríìkì tó jọba ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Íńdíà ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kírísítì, gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ láìfi epo bọ iyọ̀. Nagasena ní kí ọba ronú nípa ẹni tó fi iná fìtílà kan tan fìtílà mìíràn: iná kejì ti ara èkíní wá, bẹ́ẹ̀ ni ohunkóhun kò fi fìtílà èkíní sílẹ̀ lọ bá èkejì. Ẹni tí wọ́n tún bí kì í ṣe ẹni tó kú gan-an, kò sì lè sọ pé òun kò bá a tan. Àbájáde ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fẹ́, tí ó dì mú, tí ó ṣe, ni ó tàn dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì, bí ìfẹ́ dídìmú náà bá sì kú, kò ní sí ohun tí yóò tàn mọ́, ipò yìí ni wọ́n ń pè ní nirvana.

Ní Tíbẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kọ́ jíjinlẹ̀ yìí di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan olórí. Nígbà tí Dalai Lama kẹtàlá, Thubten Gyatso, kú ní oṣù kejìlá ọdún 1933, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ tó jẹ́ pé òun ni ó padà wá. Àwọn aṣèwádìí dé abúlé Taktser ní agbègbè Amdo, sí ilé àgbẹ̀ kan tí wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1935. Olórí wọn múra bí ìránṣẹ́, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà olóògbé náà sọ́rùn. Ọmọ náà béèrè fún ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà wọ́n to àwọn ẹrù olóògbé mọ́ àwọn tó jọ wọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ méjì, ìlù kékeré méjì, ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì. Ìròyìn tí wọ́n fi sílẹ̀ sọ pé ọmọ náà kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀pá tí kì í ṣe ti olóògbé, ó sì fi í sílẹ̀, ó mú èyí tó jẹ́ ti olóògbé. Wọ́n gbé e gorí àga ní Lhasa ní oṣù kejì ọdún 1940, òun sì ni Dalai Lama kẹrìnlá, Tenzin Gyatso, tó sá lọ sí Íńdíà ní ọdún 1959.

Níbi tí àtúnwá bá ti ń fi ènìyàn jẹ olórí, ìjọba kì í pẹ́ dá sí i. Ní ọdún 2007, ìjọba Ṣáínà, tó ń ṣàkóso Tíbẹ́ẹ̀tì, tó sì jẹ́ pé kò gba ẹ̀sìn kankan fún ara rẹ̀, ṣe òfin pé kò sí lámà, olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà, tí ó lè tún ayé wá ní ilẹ̀ wọn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2025, Dalai Lama náà kéde pé ipò òun yóò máa bá a lọ lẹ́yìn òun, àti pé ilé iṣẹ́ tí òun dá sílẹ̀, Gaden Phodrang Trust, nìkan ló láṣẹ láti wá ẹni tí yóò padà wá.

Gíríìkì: Ọkàn tó fúnra rẹ̀ yan ayé rẹ̀

Ní ìhà Gíríìkì, Pythagoras, tí wọ́n bí ní erékùṣù Samos ní ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Kírísítì, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ àtúnwá jù lọ. Ìtàn àtijọ́ sọ pé ó ní òun ni Euphorbus, jagunjagun tó kú nínú ogun Troy, nínú ayé òun kan tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n Plato ni ó fún ìgbàgbọ́ yìí ní ìtumọ̀ tó wúlò jù fún ìjíròrò yìí.

Ní òpin ìwé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Republic, Plato sọ ìtàn Er, ọmọ ogun tó kú sójú ìjà, tó sì jí ní ọjọ́ kejìlá lórí igi tí wọ́n fẹ́ fi sun òkú rẹ̀. Er ròyìn pé àwọn ọkàn tó fẹ́ padà sáyé péjọ síbì kan, wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yàn, wọ́n sì tẹ́ oríṣiríṣi ayé sílẹ̀ níwájú wọn. Ẹni tí kèké mú ṣìkíní sáré gbé ayé ọba aláṣẹ ńlá, kò yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa, kò sì rí i pé jíjẹ ẹran ara ọmọ tirẹ̀ wà nínú ìpín náà. Odysseus, tí ìyà ti kọ́ lọ́gbọ́n, ló yàn gbẹ̀yìn, ó sì wá ayé ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ tí kò sí nínú òṣèlú títí ó fi rí i ní kọ̀rọ̀ kan. Wọ́n kéde fún wọn pé ẹni tó yàn ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, Ọlọ́run kò jẹ̀bi. Wọ́n sì mu omi ìgbàgbé kí wọ́n tó padà wá sáyé.

Ọmọ Yorùbá tó bá ka ìtàn yìí yóò rántí ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí ní ọ̀run, níbi tí olúkúlùkù ti yan orí kí ó tó gba ẹnu ibodè wọ ayé, tó sì gbàgbé ohun tó yàn. Àkúnlẹ̀yàn ni Yorùbá ń pe ohun tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ yàn lórí ìkúnlẹ̀, ó sì jọ yíyàn tí Plato sọ púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀rí pé ọ̀kan kọ́ ọ lára èkejì. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn jinlẹ̀. Lójú Plato, ọgbọ́n tí ọkàn ti kó jọ nínú ayé àtẹ̀yìnwá ló lè mú un yàn dáadáa, nítorí náà ẹ̀kọ́ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ máa kọ́ títí ikú. Nílé Àjàlá, orí tó lẹ́wà lójú lè jẹ́ èyí tí kò jiná nínú iná, ẹni tó yàn kò sì mọ̀. Nítorí náà ẹbọ, ẹsẹ̀ ìrìn ènìyàn àti ìwà ni Yorùbá fi ń tún orí ṣe lẹ́yìn tí ó bá dé ayé.

Àwọn ẹlẹ́sìn Ọlọ́run kan

Ẹ̀sìn Kírísítì àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò gba àtúnwá. Ayé kan, ikú kan, ìdájọ́ kan ni ẹ̀kọ́ wọn. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹni tó kú wà ní barzakh, ìpele tó wà láàrin ikú àti àjíǹde, Kùránì sì jẹ́ kó yé ni pé ẹni tó bẹ̀bẹ̀ láti padà wá ṣe rere kò ní rí àyè padà. Àwọn kan a máa sọ pé inú Bíbélì ni àtúnwá wà tẹ́lẹ̀, pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló yọ ọ́ kúrò ní ìpàdé Constantinople ní ọdún 553. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́. Ohun tí wọ́n dá lẹ́bi nígbà náà ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n so mọ́ orúkọ Origen, onímọ̀ ará Alẹkisáńdíríà, pé ọkàn ti wà kí wọ́n tó dá ara. Origen fúnra rẹ̀, nígbà tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Èlíjà àti Jòhánù Onítẹ̀bọmi nínú ìwé Mátíù, ta ko èrò pé ọkàn ń lọ láti ara kan sí òmíràn.

Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ náà rí ibi fara pamọ́ sí. Láàrin àwọn Júù, Saadia Gaon, aṣáájú ńlá tó kú ní ọdún 942, bẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Isaac Luria àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ Hayyim Vital ń kọ́ni ní ìlú Safed pé ọkàn a máa padà wá láti parí àwọn òfin Ọlọ́run tí kò lè pa mọ́ nínú ayé àkọ́kọ́. Gilgul ni wọ́n ń pè é. Àwọn Druze, tí ẹ̀sìn wọn ti inú Ìsìláàmù jáde ní Kairó ní ọdún 1017, tí wọ́n sì wà ní Lẹ́bánónì, Síríà àti Ísírẹ́lì lónìí, gbà pé bí Druze kan bá kú, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wọ ara ọmọ Druze mìíràn tí wọ́n ń bí lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, ọmọ kékeré láàrin wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ilé tó ti wá, àwọn òbí rẹ̀ a mú un lọ síbẹ̀, ìdílé méjèèjì a sì di ẹbí. Àwùjọ kékeré tí kò gba ẹni tuntun wọlé láti ọ̀rúndún kọkànlá rí agbára ńlá nínú ìgbàgbọ́ yìí, nítorí ẹni tó bá ṣubú lójú ogun kò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Yorùbá: Àgbà tó padà sílé ara rẹ̀

Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ìdílé ni ọ̀rọ̀ gbogbo dúró lé. Ẹni tó padà wá kì í wọ ilé onílé. Àárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń yà sí. Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ, wọ́n a dá Ifá ẹsẹ̀ńtayé fún un láti mọ irú ẹsẹ̀ tó gbé wá, àwọn àgbà a sì wo ojú rẹ̀, ìrìn rẹ̀, àmì tó wà lára rẹ̀, láti mọ ẹni tó yà wá. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ìwà ilé sí ọmọ náà yí padà. Bàbá tó bí i a máa pe ọmọ ọdún méjì ní "Bàbá mi", ìyá rẹ̀ a máa kúnlẹ̀ kí i nígbà tó bá ń fi í ṣeré, ẹni tó bá sì fẹ́ nà án yóò kọ́kọ́ rò ó wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣòro kan wà níbí tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò gidigidi. Bí bàbá àgbà bá ti padà wá nínú Babátúndé, ta ni egúngún ilé ń dúró fún nígbà tí ó bá jáde lọ́dún, tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wà láàrin àwọn tó ń wò ó? Ta ni wọ́n ń pè lójú oórì? Báwo sì ni ọmọ-ọmọ mẹ́ta ṣe lè jẹ́ bàbá àgbà kan ṣoṣo? Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní ọdún 1962, ṣàlàyé pé àtúnwá Yorùbá kì í kó gbogbo ẹni tó kú kúrò ní ọ̀run. Bàbá àgbà ṣì wà láàrin àwọn ará ọ̀run, ó ṣì ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun kan láti ara rẹ̀ ti wọ inú àwọn ọmọ rẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Ígbò, Innocent Onyewuenyi, tẹ̀ síwájú, ó ní kò yẹ kí wọ́n pe irú èyí ní àtúnwá bí ti Íńdíà rárá, nítorí agbára ìyè tí baba ńlá ń fi fún ìran rẹ̀ ni, kì í ṣe ìrìn-àjò ọkàn kan láti ara dé ara.

Àlàyé yìí so mọ́ ohun pàtàkì mìíràn. Babátúndé kì í san gbèsè bàbá àgbà. Orí tirẹ̀ ni òun náà kúnlẹ̀ yàn, ìwà tirẹ̀ sì ni yóò hù. Àkúnlẹ̀gbà, èyí tí wọ́n fún un nígbà ìkúnlẹ̀, àti àyànmọ́, èyí tí wọ́n yàn mọ́ ọn, jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Bí ó bá tòṣì, ẹnikẹ́ni kò lè ní ayé tó lò ṣáájú ló ń jìyà rẹ̀. Ìdáhùn Yorùbá sí ìbéèrè mẹ́ta náà yàtọ̀ pátápátá sí ti Íńdíà nígbà náà: apá kan nínú àgbà ní ń padà, ẹbí àti ìfẹ́ ló ń pinnu ibi tó yà sí, ìpadàwá náà sì jẹ́ ẹ̀bùn fún ẹni tó lo ayé rẹ̀ gbó, tó sì kú sọ́wọ́ ọmọ.

Agbára ìgbàgbọ́ yìí hàn nínú bí ó ṣe wà láàyè láàrin àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gbà á. Kìrìsìtẹ́nì ń jẹ́ Yétúndé, Mùsùlùmí sì ń jẹ́ Babátúndé, bí Babátúndé Fashola tó jẹ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2007 sí 2015. Ìgbàgbọ́ náà sì sọdá òkun: ní erékùṣù Itaparica ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsílì, àwọn ìran Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ṣì ń gbé egúngún jáde títí dòní.

Àbíkú: Ìpadàwá tó di ìbànújẹ́

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣì kù tó ṣókùnkùn. Àbíkú ni ọmọ tí wọ́n gbà pé ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run dá ìgbà, tó ń wá sí inú ìyá kan náà, tó ń kú, tó sì tún ń padà wá. Orúkọ tí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ tàbí fi ń bá a wí pọ̀: Málọmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́. Samuel Johnson to wọn sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ẹni tó ń jẹ́ ọ̀kan lára wọn sì jọba: Kòsọ́kọ́ ni ọba Èkó láti 1845 sí 1851. Kúbà àti Bùràsílì náà mọ àbíkú, nítorí ìyá tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́ wà nínú ọkọ̀ ẹrú.

Wọ́n a so ṣaworo mọ́ àbíkú lẹ́sẹ̀ kí ìró rẹ̀ lè lé ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá kú, wọ́n a gé òkú rẹ̀ níka tàbí létí, tàbí kí wọ́n fi iná jó o lára, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún wá. Ìbànújẹ́ àti àìmọ̀ ohun tí ènìyàn lè ṣe ló bí àwọn àṣà wọ̀nyí, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn ìyá tó ṣe é ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdílé tí ibà, èéyi àti àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ pa ọmọ mẹ́rin nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní ìdáhùn mìíràn nígbà náà.

Lónìí, ìdáhùn wà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti tọ́ka sí i pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa tẹ̀ bíi dòjé kí ó sì dí òpójẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní àbíkú. James Herrick ṣàpèjúwe àrùn náà fún àwọn dókítà ní Chicago ní ọdún 1910. Bí jẹnotáìpù bàbá bá jẹ́ AS, tí ti ìyá náà jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí oyún kọ̀ọ̀kan já sí SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn náà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló sì ń gbé AS kiri. Àlàyé yìí kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀run sílẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé kí wọ́n yé wo ọmọ tí egungun ń ro bí ọ̀dàlẹ̀ tó fẹ́ sá lọ, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìwádìí ayé òde òní

Ní ọdún 1857, ará Faransé kan, Hippolyte Rivail, tó ń lo orúkọ Allan Kardec, tẹ ìwé kan jáde ní Paris tó sọ àtúnwá di ìlọsíwájú: ẹ̀mí ń wá sáyé léraléra láti kẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í rẹlẹ̀ sí ipò ẹranko mọ́. Bùràsílì ni ẹ̀kọ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ jù, níbi tí ìkànìyàn ọdún 2010 ti fi hàn pé mílíọ̀nù 3.8 ènìyàn ló ń tẹ̀ lé e.

Ẹni tó gbìyànjú jù láti fi ọ̀nà ìwádìí yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ni Ian Stevenson, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà, tó tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ogún ọmọ tó sọ pé àwọn rántí ayé tẹ́lẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Títí tó fi kú ní 2007, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti kó ìtàn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ ju 2,500 lọ, láti Íńdíà, Sri Lanka, Lẹ́bánónì, Tọ́kì, àti láti àárín àwọn Ígbò ní Nàìjíríà. Ó rí i pé láàrin ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ̀rọ̀ náà, wọ́n a sì gbàgbé lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn tó ta kò ó sọ pé ibi tí wọ́n ti gba àtúnwá gbọ́ ni ọ̀pọ̀ ìtàn náà ti wá, àti pé ìdílé méjèèjì sábà máa ń ti pàdé kí aṣèwádìí tó dé, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìrètí àgbà kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́. Àtakò yìí lágbára. Stevenson fúnra rẹ̀ kò sọ pé òun ti fi ẹ̀rí múlẹ̀. Àkọlé ìwé rẹ̀ ní àwọn ìtàn náà tọ́ka sí àtúnwá, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn ni pé ìgbàgbọ́ nínú àtúnwá kì í ṣe ìgbàgbọ́ kan. Íńdíà ń béèrè bí ìwà yóò ṣe gba ẹ̀san, Búdà ń béèrè bí ìfẹ́ dídìmú yóò ṣe kú, Plato ń béèrè bí ènìyàn yóò ṣe kọ́ láti yàn, Druze ń béèrè bí àwùjọ kékeré kò ṣe ní parun, Yorùbá ń béèrè bí ilé kò ṣe ní ṣófo. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan láìbéèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wá kò tíì lóye èyíkéyìí nínú wọn.

Ohun kan náà sì tún hàn nínú gbogbo wọn. Níbi tí ìgbàgbọ́ yìí bá ti sọ fún ènìyàn ohun tó yẹ kí òun alára ṣe, ó ń tún ayé ṣe: mọ́ńkì Jáìnì ń gbálẹ̀ níwájú kòkòrò, ọmọ Yorùbá ń tọ́jú òbí rẹ̀ títí dọjọ́ ogbó, nítorí ẹni tó bá kú pẹ̀lú ayọ̀ nínú ilé kan ni yóò fẹ́ padà síbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti lò ó láti sọ ìdí tí ẹlòmíràn fi yẹ kó máa jìyà, ó ń ba ayé jẹ́: ó ta ìran kan nù ní Íńdíà, ó sì gé ìka òkú ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Bóyá ẹni náà padà wá tàbí kò padà wá, ojúṣe alààyè kò yí padà. Kí àwọn tó fẹ́ fẹ́ra yẹ jẹnotáìpù wọn wò kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Kí ọmọ tó ń ṣàìsàn rí dókítà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ayé tó ti wá. Kí àgbà rí ìtọ́jú nígbà tí ó ṣì wà láyé, láìdúró de ìgbà tí wọn yóò máa pe ọmọ-ọmọ ní orúkọ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tó bá ń mú ènìyàn ṣe nǹkan wọ̀nyí yẹ fún ọ̀wọ̀, èyí tó bá sì ń dí i lọ́wọ́ kò yẹ fún àforítì mọ́, ì báà jẹ́ ti ìlú ẹni, ì báà jẹ́ ti ìlú onílùú.